Aláṣọ Funfun Tó Wọ Bàtà

Nínú ìjọ tiwa, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun sọ́rùn kì í wọ bàtà. Ilẹ̀ ìbáà gbóná, ẹrẹ̀ ìbáà wà nílẹ̀, ìgò ìbáà fọ́ sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ lásán la fi ń rìn ín. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń wọ sùtánà, àtẹ́lẹsẹ̀ mi sì ti le bí èèpo igi. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó bà mí lẹ́rù.

Èmi kọ́ ni mò ń kọ̀wé yìí. Èmi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, láti àárọ̀ ló sì ti ń bá mi jà pé mò ń sáré jù. Òun náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ fún un pé kó má yọ ibi tí kò bá dùn mọ́ ọn kúrò. Ó ní èmi náà ò gbọdọ̀ yọ tèmi. A ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ìkátẹ ni mò ń gbé, nínú ilé tí ọkọ mi fi sílẹ̀, lẹ́yìn àwọn ilé gogoro tí wọ́n kọ́ tí wọn ò jẹ́ ká rí oòrùn àárọ̀ mọ́. Ìjọ wa kò jìnnà sí òkun. Kò tóbi. Páànù ni, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì mélòó kan, àti iyanrìn funfun níwájú rẹ̀ níbi tí ènìyàn ń lọ kúnlẹ̀ sí bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára. Télọ̀ ni wòlíìbìnrin wa. Láàárín ọ̀sẹ̀, aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rán. Mo tó bí i lọ́mọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí bá ti gbé e, “ẹ” ni mo máa ń pè é.

Lọ́jọ́ Fúráìdè kan, nígbà tí a ń ṣe ìsìn lọ́wọ́, ẹ̀mí gbé e. Ó yí, ó yí, ó wá dúró síwájú mi.

Ó ní, “Ìyá, mo rí ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun. Inú omi ló dúró sí. Ó ń fọwọ́ pe ọmọbìnrin kan nínú ilé yín, ọmọ náà sì ń lọ bá a. Ẹ ṣọ́ra. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ ẹni náà.”

Àwọn tó wà nítòsí mi mí kanlẹ̀. Ẹnì kan fọwọ́ bo ẹnu. Aṣọ funfun pẹ̀lú bàtà: èké ni. Ẹni tó bá múra bí tiwa tí kì í ṣe tiwa, tó wá dúró sínú omi tó ń pe ọmọ, ẹ ò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn.

Mo mọ òkun. Ó gba àbúrò mi ọkùnrin nígbà tí a wà léwe, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo wa. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìgbì gbé e, torí ó rò pé eré ni. Òkun ò dá a padà fún wa. Látìgbà náà, bí mo bá ń rìn létí omi, èmi kì í kọ̀yìn sí i.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ọkùnrin làwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì ń bí. Nínú gbogbo ọmọ ọmọ mi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló wà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Òun ló jókòó tì mí báyìí. Nítorí náà, nígbà tí wòlíìbìnrin sọ pé “ọmọbìnrin kan nínú ilé yín”, kò sí pé mò ń wá ẹni tó ń bá wí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọ mi, ìyá ọmọ yìí, pè mí pé wọ́n ti gba ìsinmi níléèwé, kí n wá bá òun jókòó ti ọmọ ní Ajah. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo lórí òkun, oṣù kan lórí omi, oṣù kan nílé. Mo di ẹrù mi. Mo ká sùtánà mi sínú àpò rẹ̀, mo mú àbẹ́là àti agogo ọwọ́ kékeré, mo lọ.

Ẹ́sítéètì tí wọ́n ń gbé ní géètì, mẹ́gáàdì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá kan. Ó ní kí n kọ orúkọ mi. Àmì tí mo máa ń fi ṣe orúkọ ni mo ṣe, àgbélébùú kékeré kan.

Ó wò ó. Ó ní, “Màmá, orúkọ ni mo ní kẹ́ ẹ kọ. Sàréè lẹ yà yìí.”

Mo ní, “Orúkọ ẹni tó rà mí ni mo kọ. Bí o bá rí i bíi sàréè, o ò tíì kàwé tó.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí géètì. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé bí n ò tilẹ̀ mọ̀wé, ó ní ohun tí mo lè kà. Àwòrán ni mo fi mọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Olúwa mi: àgbélébùú, àbẹ́là méje, ọ̀dọ́ àgùntàn, kọ́kọ́rọ́, adé, ẹranko olórí méje tó ti inú òkun jáde. Wọ́n ya wọ́n sára ògiri ìjọ wa, wọ́n kàn wọ́n mọ́ aṣọ wa. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ń lọ kò ní àwòrán kankan. Fáànù àti tẹlifíṣọ̀n ńlá ló wà lára ògiri wọn.

Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà nínú kíṣìnnì ni mo gbọ́ agogo. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, bí èyí tí a ń lù kí a tó kúnlẹ̀. Mo rò pé ẹnì kan ti mú agogo mi. Mo tẹ̀ lé ìró náà dé pálọ̀. Ọmọ yìí jókòó sílẹ̀, ó di ohun kan mú lọ́wọ́ méjèèjì tí wọ́n ń pè ní pádì. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan tó wọ aṣọ irin kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ. Àbẹ́là méje ń jó. Àgbélébùú wà lókè.

Èmi náà kúnlẹ̀. Mo forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tòun ti ẹ̀wà lọ́wọ́.

Ó ní, “Màmá àgbà, kí lẹ ń ṣe?”

Mo ní, “Kí nìwọ ń ṣe níwájú pẹpẹ tí o ká ẹsẹ̀ kò?”

“Kì í ṣe pẹpẹ o. Géèmù ni. Ibi tí mo ti ń séèfù nìyẹn.”

“Kí ni wọ́n ń pè ní séèfù?”

Ó ní, “Ibi tí mo bá ti kúnlẹ̀ sí. Bí mo bá kú, ibẹ̀ ni mo máa jí sí.”

Mo jókòó sórí àga. Bí alàgbà bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwàásù, gbogbo wa la máa ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ọmọ tó sọ ọ́ ń jẹ bísíkíìtì, kò sì mọ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí níbẹ̀. Mo bi ara mi pé ta ló kó pẹpẹ wa sínú àpótí yìí, kí sì ló fẹ́ fi í ṣe?

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ọmọ yìí kú níwájú mi lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹranko kan ló ń pa á. Bó bá kú, agogo á dún, á jí síwájú pẹpẹ. Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀mélòó lènìyàn ń jí?” Ó ní títí ó fi máa borí ni. Mo wo ẹranko náà dáadáa. Mo ka orí rẹ̀. Méje ni.

Mo ní, “Ka ìwo rẹ̀.”

“Kí ni mo fẹ́ fi ìwo ṣe?”

“Kà á. Mẹ́wàá ni.”

Ó dá a dúró, ó kà á, ó ń fi ìka tọ́ ọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó yíjú sí mi. “Màmá àgbà, ta ló sọ fún yín? Ẹ ti wò ó nínú fóònù yín?”

“Èmi tí fóònù mi ò ní ju tọ́ọ̀ṣì lọ.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí wá jókòó. Ó máa ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ fún mi ní Yorùbá, èmi á sì sọ ohun tó ń bọ̀. Àwọn méjìlá ló ń rìn pọ̀ nínú eré náà. Mo rí ọ̀kan tó ń gbé àpò. Mo ní, “Ẹni yẹn, má gbẹ́kẹ̀ lé e.” Ó ní òun ló rẹ́rìn-ín jù nínú wọn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹni náà fi ẹnu ko ọ̀gá wọn lẹ́nu lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ ogun sì yọ. Ọmọ yìí ju pádì sílẹ̀.

Ọ̀dọ́ àgùntàn kékeré kan tún wà tó ń tẹ̀ lé wọn. Ó fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

“Kí ló dé?”

“Wọ́n á pa á.”

“Màmá àgbà, ẹ ti burú jù. Ta ló máa pa irú èyí?”

Ó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n pa á. Ó sunkún títí ó fi sùn lórí àga, mo sì jókòó tì í, mo ń wo ìrẹsì tí kò jẹ. Èmi náà sunkún díẹ̀. Kó kọ ìyẹn náà.

Ẹnìkan lè ní ṣebí ó yẹ kí inú mi dùn. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀dọ́ àgùntàn wá ń sunkún nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun gbogbo ṣe ń bá ti wa mu ni ẹ̀rù mi ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ ní májèlé, kì í fi sínú ewúro. Inú ohun tó dùn ló ń fi í sí. Mò ń retí ibi tí wọn ò ti ní lè ṣe é bí tiwa. Mo mọ̀ pé yóò hàn níbì kan.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Ó pè mí pé, “Màmá àgbà, ẹ wá o, a ti dé ibi omi.”

Mo nu ọwọ́ mi nù, mo lọ. Omi ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó mọ́ bíi gíláàsì. Obìnrin kan dúró sínú rẹ̀. Sùtánà rẹ̀ funfun, ó gùn dé orúnkún. Ó gbé àtùpà lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì pè wá. Nítorí pé omi náà mọ́, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Bàtà dúdú ló wọ̀, èyí tí wọ́n fi okùn dì dé ojúgun.

Mo ní, “Ta nìyẹn?”

“Òun ló máa ń wò wá sàn. Ó ní ká tẹ̀ lé òun wọ inú omi. Ìlú tó ń tàn wà lódì kejì, kò sí oòrùn níbẹ̀, kò sì sí òru.”

“Kí ló ń fi bàtà ṣe?”

“Bàtà kẹ̀? Gbogbo wọn ló wọ bàtà. Bí wọ́n ṣe yà wọ́n nìyẹn.” Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sórí pádì. “Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́.”

“Má tẹ̀ ẹ́.”

“Màmá àgbà, ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti ń bọ̀ níbí.”

Mo fa wáyà yọ lára ògiri. Ojú tẹlifíṣọ̀n di dúdú, mo sì rí àwa méjèèjì nínú rẹ̀, èmi tí mo na ọwọ́, òun tó ń wò mí bí ẹni pé n kì í ṣe ìyá ìyá rẹ̀.

Mo pe ọmọ mi níbi iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, géèmù ni, ẹ jọ̀ọ́. Òyìnbó kan ló jókòó yà á. Ẹ má kó ẹ̀rù bá ọmọ fún mi.” N ò lè sọ ìran náà fún un. Nítorí ìran ló ṣe kúrò nínú ìjọ wa. Ó ní ìgbà èwe òun, gbogbo ibi tí òun bá fẹ́ lọ ni ẹnì kan ti ríran sí. Òótọ́ ló sọ. Èmi ló máa ń dá a dúró. Mo pa fóònù, mo sì dá wà pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọmọ yìí wọ ilé ìwẹ̀, mo tú àpótí eré náà kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, mo fi ìró mi wé e, mo gbé e sínú báàgì. Mo mú àpò sùtánà mi kúrò lára ìṣó. Mo wọ sílípáàsì dúdú onírọ́bà mi, mo jáde. Mẹ́gáàdì ní, “Màmá, ẹ fẹ́ yà sàréè míràn?” Mo kọjá lára rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ dé Ìkátẹ, mo wọ kẹ̀kẹ́ dé ìjọ. Èrò mi ni pé kí wòlíìbìnrin gbàdúrà sí i. Kò sí níbẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ó lọ fi aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé jíṣẹ́, pé kò ní pẹ́ dé. Kò ní pẹ́ dé. Ká ní mo dúró ni, n kì bá tí ní ohun tí mo ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n mo ń rí obìnrin inú omi yẹn bí mo bá dijú, mo sì ń rí àtàǹpàkò ọmọ náà. Mo wọ sùtánà mi lẹ́yìn ògiri, mo mú agogo, mo gbé àpótí náà, mo kọjú sí òkun.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pàṣípààrọ̀. Kí omi gba àpótí, kó fi ọmọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Ẹ̀rù ló kọ́ mi.

Ènìyàn ò pọ̀ létí òkun lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́. Ọkùnrin kan wà pẹ̀lú ẹṣin tí wọ́n fi ń gbé àwọn tó wá ṣeré. Mo lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wọ inú omi. Ó dé ojúgun mi, ó dé orúnkún mi. Mo gbé àpótí náà sókè, mo ń sọ fún omi pé kó gbà, ìgbì sì ń fa iyanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀.

Mo gbọ́, “Màmá àgbà.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Òun ni. Ó ti rí i pé àpótí ò sí níbẹ̀, ó wo ìṣó, kò rí àpò aṣọ funfun, ó sì mọ̀ pé ìjọ ni mo lọ. Ó wọ ọkọ̀ wá, agogo mi ló gbọ́ tó fi dé etí òkun. Ó dúró lórí iyanrìn, irun rẹ̀ ṣì tutù.

Mo fọwọ́ lé e padà. Ẹ wo ọwọ́ wa bí a bá ń pe ènìyàn: àtẹ́lẹwọ́ a kọjú sílẹ̀, ìka a máa jù. Ẹ tún wo ọwọ́ wa bí a bá ń lé adìyẹ: àtẹ́lẹwọ́ kan náà, ìka kan náà. Ẹni tó bá wà nítòsí ló lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mò ń ní kó padà, kó padà. Ohun tí òun rí ni pé ìyá rẹ̀ àgbà ń rì, ó sì ń pe òun.

Ó sáré wọ inú omi. Ìgbì kan dé, kò tóbi rárá, ó gbá a lẹ́sẹ̀, n ò rí i mọ́.

N ò mọ ìgbà tí mo ju àpótí sílẹ̀. Mo rí irun dídì kan lójú omi, mo gbá a mú. Ìgbì kejì dà wá nù. Omi wọ imú mi, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi tó ń rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Mo ní nínú ọkàn mi pé, bí ẹnì kan bá máa kù síbí, kó jẹ́ èmi. N ò fi irun náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo rí ẹsẹ̀ ẹṣin. Ọkùnrin yẹn ti gun ẹṣin rẹ̀ wọ inú omi dé ikùn. Ó fi apá kan gbé ọmọ, ó ní kí èmi di ìrù ẹṣin mú.

Nígbà tí a dé orí iyanrìn, ọmọ yìí ń pọ omi òkun. Ọkùnrin náà wò mí. Ó ní, “Màmá, àdúrà yìí ti pọ̀ jù.”

Mo wo ilẹ̀. Sùtánà mi ti lẹ̀ mọ́ mi lára, ó funfun nínú oòrùn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, sílípáàsì dúdú kan wà lẹ́sẹ̀ mi ọ̀tún. Òkun ti gba ti òsì.

Ogójì ọdún. N ò ṣe irú rẹ̀ rí. Nínú ìkánjú mi lẹ́yìn ògiri ìjọ, n ò bọ́ bàtà.

Wòlíìbìnrin sáré dé, okùn tí ó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fọwọ́ kan àyà ọmọ, ó gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ̀ mi. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ sílípáàsì náà, ó fi í lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, “Ṣé èmi lẹ rí lọ́jọ́ náà?”

Ó ní, “Ìyá, n ò rí ojú. Bàtà ni mo rí.”

A sá aṣọ wa sórí ògiri ìjọ títí ó fi gbẹ. Ọmọ yìí jókòó nínú aṣọ funfun tí wọ́n yá a, ó ń gbọ̀n nínú oòrùn. Ó ní, “Mi ò ní sọ fún Mọ́mì pé mo wọ omi.” N ò ní kó sọ ọ́. Ìtìjú ló dí mi lẹ́nu. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́ pé mo ju àpótí sókun, ó ní, “Màmá, ó tó. Ẹ ò ní fi ìran ba ti ọmọ mi jẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ba tèmi jẹ́.” Ó dá mi padà sí Ìkátẹ lọ́jọ́ kejì. Ohun tó mọ̀ mọ nìyẹn títí di òní. Ọmọ yìí ti dáwọ́ títẹ̀ dúró báyìí. Ó ní, “Mọ́mì máa kà á o.” Mo ní kó kà á. Ìyẹn ni ibi tí a ní a ò ní yọ kúrò.

Oṣù púpọ̀ kọjá kí wọ́n tó tún jẹ́ kí n wá. Bàbá rẹ̀ ti ti orí omi dé, ó ti ra àpótí míràn. Mo bi ọmọ náà bóyá ó ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹranko olórí méje. Ó ní rárá, gbogbo ibi tí òun ti kúnlẹ̀ sí ṣì wà, pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ síbì kan tí kì í ṣe inú àpótí. Mo ní, bí àpótí tilẹ̀ rì? Ó ní, bó tilẹ̀ rì.

Ó ti dé ibi omi náà. Ó ti dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò tẹ̀ ẹ́. Èmi ló ń dúró dè. Obìnrin náà ṣì wà níbẹ̀ tòun ti bàtà rẹ̀, ó ń pè wá. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú lọ́rùn ọwọ́, ó le débi pé ó ní mò ń dun òun. N ò tú u sílẹ̀. Mo ní, “Tẹ̀ ẹ́.” Mo dijú.

Mo gbọ́ omi. Mo gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní, “A ti gòkè.”

Mo ní, “Gbogbo wa?”

Mo la ojú. Ìlú náà ń tàn bó ṣe wí. Àwọn tó ń rìn pẹ̀lú rẹ̀ dúró létí omi, aṣọ wọn ń kán tótó.

“Obìnrin yẹn ńkọ́?”

“Kò bá wa gòkè. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó ní láti dúró sínú omi kí ọ̀nà má bàa dí.” Ó wò mí lójú. “Màmá àgbà, ṣé ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn?”

Mo ti wá mọ̀ báyìí. Ó yẹ kí n ti mọ̀ látìgbà tí mo ti rí ọ̀dọ́ àgùntàn. Bàtà ni mo ń wò, n ò wo ohun tó dúró ṣe. Síbẹ̀ ẹ̀rù kò kúrò lára mi. Sílípáàsì kan náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Ìkátẹ. Kí n tó wọ sùtánà, mo máa ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi méjèèjì, bí afọ́jú. Òkun sì ṣì ń hó lẹ́yìn ilé, n kì í kọ̀yìn sí i.

Mo ní kó pa ohun náà, pé ojú ń ro mí. Ó ní òun ò tíì séèfù.

Mo ní, “Wá pẹpẹ kan, kí o kúnlẹ̀ síbẹ̀ kíákíá.”